Orúkọ Tí Bánjọ Sọ Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Beatrice

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sùúrù mi ṣe kéré tó, kó fún mi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọkọ mi mọ̀, Rahmah ọmọ mi mọ̀, ìmáàmù àdúgbò wa náà sì mọ̀, nítorí mo ti bi í léèrè rí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn ṣẹ́ èpè fún ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Èmi ni Mùlíkàt, ọmọ Ìlọrin, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Garki tí n kò ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Bánjọ ni, ọkùnrin tó ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa mọ́ sáfà, àti ọ̀rọ̀ orúkọ kan tó sọ ẹ̀rọ kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí sáfà jẹ́, torí èmi náà kò mọ̀ ọ́n títí ó fi dé bá mi. Tẹ́lẹ̀, kálukú wa ló ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lórí tábìlì, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ bí ọbẹ̀ ṣe ń wà nínú ìkòkò. Ìgbà tó yá, àwọn ọ̀gá ní gbogbo iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ máa gbé inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo tó wà nínú ilé mìíràn lọ́nà jíjìn, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ amúlétutù kẹ́ ẹ bí ọmọ ọba. Òun ni sáfà. Èyí tó wà lórí tábìlì wa wá di fèrèsé lásán: a ó bojú wò ó, a ó rí iṣẹ́ wa ní ọ̀ọ́kán, a ó máa ṣe é. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè jókòó sí ilé rẹ̀, kó ṣí fèrèsé tirẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tó wà ní Garki gan-an.

Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá fẹ́ tẹ ìwé. Sáfà kò mọ ibi tí o jókòó sí. Ó jìnnà, kò rí ọ. Bí o bá ní kó tẹ ìwé, yóò to orúkọ gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní ilé iṣẹ́ síwájú rẹ, yóò ní kí o mú ọ̀kan níbẹ̀. Orúkọ ọ̀hún wá jẹ́ kìkì lẹ́tà àti nọ́ńbà, bí ẹni pé wọ́n so nọ́ńbà ọkọ̀ mẹ́ta mọ́ra wọn. Ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ìyẹn? A ó kàn fi orí gbé ọ̀kan, a ó wá dìde, a ó máa wá ìwé wa kiri láti yàrá dé yàrá bí ẹni tó sọ ewúrẹ́ nù. Wọ́n bá Jàbárù awakọ̀ tẹ ìwé tó fẹ́ fi gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ti jáde. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ kan, ó tẹ ìwé tí dókítà fi kọ oúnjẹ tó yẹ kó máa jẹ fún un kí ikùn rẹ̀ lè wálẹ̀. Ó rò pé ẹ̀rọ inú pálọ̀ òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ̀ wa ní àkáǹtì ló ti jáde, a sì kà á dáadáa. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀gá bá wọ ilé oúnjẹ, àwo rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Nígbà tó mú iyán lọ́jọ́ Wẹ́sídé kan, ẹnì kan wúkọ́, ọ̀gá sì rọra dá a padà.

Ìyẹn ló mú kí wọ́n gbé Bánjọ wá sọ́dọ̀ wa láti ẹ̀ka mìíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Bánjọ. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ó ga, ó sì tín-ín-rín. Inú àpò àyà ló máa ń ki káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ bọ̀ kó má baà já sínú ẹ̀rọ, búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wọ yàrá, yóò ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, yóò ṣì sọ ọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń kí.

"Ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, mà," ó ní, "ṣé ká máa wò ó níran ni?"

Ọ̀rọ̀ tí èmi máa ń bá ẹ̀rọ yẹn sọ, kì í ṣe ìkíni.

Ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, ìyá yẹn ló sì kó àrùn kan ràn án tí kò tíì sàn títí di òní: Bánjọ kò lè já orúkọ mọ́ àgbà lórí. Ní Àbújá níbí, a ti fojú fo nǹkan bẹ́ẹ̀. Mísís lágbájá, Ọ̀gbẹ́ni lágbájá, ó parí. Bánjọ ní tirẹ̀, bó bá fẹ́ pe orúkọ ẹni tó fi ọdún kan ṣoṣo jù ú lọ, ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Kí ni orúkọ àkọ́bí yín, mà?" Mo rò pé ó fẹ́ ta nǹkan fún mi ni. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe.

"Wọ́n ní kí n sọ àwọn príńtà yìí lórúkọ tí gbogbo èèyàn á mọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ kọ orúkọ yín sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mo gbọ́wọ́ lé e, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́."

Bó ṣe kọ "Ìyá Rahmah" sí i nìyẹn. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó lọ sí yàrá kejì, ó tún béèrè. Ọ̀gá àgbà di "Bàbá Ọlámilékan". Ẹ̀rù bà wá pé inú yóò bí i, ṣùgbọ́n ó dúró lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan, ó ní láti ìgbà tí òun ti di ọ̀gá, kò sí ẹni tó tún pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́ àyàfi àwọn ará ilé. Obìnrin Hausa tó wà ní ẹ̀ka ìsanwó, Maman Ummulkhulthum, ni orúkọ tirẹ̀ gùn ju ibi tí sáfà lè gbà lọ, ó bá gé e kù sí "Maman Ummulk". Obìnrin náà lọ bá Bánjọ, ó ní ta ni Ummulk, òun kò bí Ummulk. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sí wa lẹ́nu, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ní ti ẹ̀rọ Bánjọ fúnra rẹ̀, èyí tó wà nínú yàrá kótópó tó ń lò lábẹ́ àtẹ̀gùn, "Bàbá Mofìyìn" ló kọ sí i. Mofìyìnfólúwa ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Galadimawa níbi tí wọ́n ń gbé.

Mo fẹ́ sọ òótọ́: iṣẹ́ náà dára. Ìwé kò sọnù mọ́. Ta ni kò mọ ibi tí Ìyá Rahmah jókòó sí? Kódà èmi náà dín èpè kù.

Beatrice nìkan ló kù.

Beatrice ló ń ṣe olórí yàrá fáìlì ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ọmọ Kàbbà ni, òun àti Paul ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Kado, kò sì sí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tí kò ní ra ẹja yíyan ní ọjà wọn níbẹ̀ wá fún ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀, ó sì ròkè. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọn kò tíì bímọ. Gbogbo wa la mọ̀, a kì í sì í sọ ọ́, àyàfi àwọn tí ẹnu wọn kò ní ìjánu tí wọ́n máa ń bi í pé ìgbà wo ni àwọn yóò wá jẹ ìkómọ. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí wọ́n máa gbàdúrà, yóò wá bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹja. Àǹtí Beatrice ni gbogbo èèyàn ń pè é, láti orí ẹni tó ń gbálẹ̀ dé orí ọ̀gá.

Ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń tẹ ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ yàrá fáìlì ti kú tipẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé tuntun wá, inú páálí ni ó wà, wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Bánjọ wò ó. Ó kí i. Ó sì kọjá lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún kí i, ó tún kọjá lọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, páálí ń bẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè ìdí, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ gbogbo wa ló ń jẹ́ orúkọ ọmọ. Kí ni èyí yóò jẹ́?

Àwọn agbani-nímọ̀ràn kò wá jẹ́ kí Bánjọ sinmi. Maman Ummulk ní kó kọ "Ìyá Kado" sí i. Mo ní ìyẹn dà bí ẹni tó ní ìsọ̀ ẹja. Jàbárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń wa ọkọ̀ ọ̀gá, tí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án kì í sì í kọjá lára rẹ̀ láì kí i, ní kó kọ "Ìyàwó Paul". Mo ní bí a bá fi ọmọ pe gbogbo ayé, tí a wá fi ọkọ pe ẹnì kan ṣoṣo, kí la fi pamọ́ nínú ìyẹn? Bánjọ fúnra rẹ̀ ní bóyá "Yàrá Fáìlì". Mo ní kó lọ jókòó. Kí gbogbo wa jẹ́ èèyàn, kí Beatrice nìkan jẹ́ yàrá? Ó tún ní "Ìyá Wa". Mo ní ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ni yóò sọ di arúgbó ìjọ. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń lọ, ó sì ń mi orí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, Beatrice wá mú ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó dúró, ó ń to ìwé tó ti tò tán.

"Ìyá Rahmah," ó ní, "ẹ bá mi sọ fún Bánjọ kó kọ ohunkóhun sí príńtà yẹn. Kó kọ nọ́ńbà sí i, kò sí wàhálà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mo fẹ́ máa tẹ ìwé mi lọ́dọ̀ mi."

Mo wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kọ́ ni. Ó ti mọ̀ pé orí ọ̀rọ̀ òun ni gbogbo ilé ń jókòó lé, ó sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú tiwa. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi tán. Mo dìde, mo lọ bá Bánjọ lábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Bí ọjọ́ Mọ́ńdè bá bá páálí yẹn nílẹ̀," mo ní, "èmi àti ìwọ ni. Wàlláhì, màá gbé e jù sójú títì, màá sì ní ìwọ ni o ní kí n gbé e."

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Mo ti rí orúkọ kan. Ó dára. Ẹ ó rí i."

Ó yẹ kí n béèrè orúkọ ọ̀hún, ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe ohun tó yẹ. Mo lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, páálí ti kúrò nílẹ̀. Mo ṣí fèrèsé mi, mo ní kí sáfà tẹ ìwé kan fún mi, ó sì to àwọn orúkọ síwájú mi. Mo rí tuntun náà: "Ìyá Mofìyìn". Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo rẹ́rìn-ín músẹ́, torí orúkọ náà dùn, ó rí bí ti ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ojú mi gòkè díẹ̀ sí i, mo rí "Bàbá Mofìyìn" tó jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Orí mi wú.

Jàbárù ló gbé ìwé ìròyìn wọlé lásìkò náà. Ó nà mọ́ mi léjìká, ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi jáde, ó ń kà á bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Bàbá Mofìyìn," ó ní. "Ìyá Mofìyìn. Kai."

Ó fi ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó sáré jáde. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Jàbárù, n kò rí i kó sáré rí, kódà nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Mo bá Bánjọ nínú yàrá rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹ̀rọ kan, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé ẹ ti rí i, mà?"

"Mo ti rí i. Ta ni ìyá Mofìyìn?"

Ó sọ ìtàn náà fún mi nígbà náà, èyí tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ilé iṣẹ́ wa. Kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa ló ti mọ Beatrice, torí ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí Tiwátọ́pẹ́ ìyàwó rẹ̀ bí Mofìyìn, ẹ̀jẹ̀ ríru dá a dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò tilẹ̀ lè gbé ọwọ́ sókè. Bánjọ kò mọ bí wọ́n ti ń gbé ọmọ tuntun. Beatrice gba ìsinmi ọdún rẹ̀, ó gbé ọmọ náà lọ sí Kado, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bọ́ ọ, ó ń pọ̀n ọ́n, títí ìyá rẹ̀ fi dìde. Títí di òní, Mọ́mì Kado ni ọmọ náà ń pè é.

"Ẹnì kan ló ń bímọ, mà, igba èèyàn ló ń bá a tọ́ ọ," Bánjọ wí. "Mo ro gbogbo orúkọ ayé. Èyí nìkan ni kì í ṣe irọ́."

Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n kò tíì tó àkókò fún ìyẹn. "Bánjọ," mo ní, "kí ni ẹ̀rọ tìrẹ ń jẹ́?"

Ó ya ẹnu láti dá mi lóhùn. Ẹnu náà wà ní yíyà bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀: ó ti sọ gbogbo ilé lórúkọ, ó wá gbàgbé èyí tó kọ sára tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí rẹ̀ mú.

"Ṣé o bi ìyàwó rẹ kí o tó kọ ọ́?"

Ó mi orí.

"Ṣé o bi Beatrice?"

"Mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu ni, mà."

"Ó ti yà wá lẹ́nu. Yí i padà."

"Kò ṣeé ṣe nísinsìnyí, mà. Sáfà kò ní gba orúkọ tuntun àfi tí gbogbo èèyàn bá ti jáde kúrò lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá sì ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́."

Bí orúkọ méjèèjì ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, lójú gbogbo wa, tọkọtaya tí Bánjọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ so pọ̀. Mo lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn Beatrice wà ní títì. Mo kanlẹ̀kùn, ó ní òun ń ka fáìlì. Ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀rín kankan nínú, ìyẹn sì já mi láyà ju ẹkún lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé obìnrin yìí ti ń yẹra fún ọ̀rọ̀ ọmọ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, òní la wá fi orúkọ ọmọ fà á jáde sójú agbo. Bí ẹnì kan bá tún wá gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wa, kò ní lè wọ ilé iṣẹ́ yìí mọ́.

Ẹni náà sì ń bọ̀. Ìyàwó Jàbárù ló ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí Tiwátọ́pẹ́ ti ń ránṣọ ní Galadimawa. Ẹ ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn. Ìgbà míì wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò lè gbé ìwé kan láti yàrá dé yàrá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí ti dé Galadimawa kí oòrùn tó gun àtàrí. A gbọ́ ohùn Hafeez tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: "Sànnu, madam." Tiwátọ́pẹ́ wọlé. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò wo ìhà yàrá ọkọ rẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, yàrá Àǹtí Beatrice dà?"

Mo nawọ́ sí i. Kí ni kí n tún ṣe? Ó lọ, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jíròrò rẹ̀: gbogbo èèyàn rántí pé àwọn ní ìwé láti tẹ̀. Ibo ni wọn yóò ti tẹ̀ ẹ́? Ọ̀dọ̀ Ìyá Mofìyìn. Ẹni tó bá sì tẹ ìwé, ṣé kò ní lọ mú un ni? Ohun tó dára nínú sáfà nìyẹn, ó ń jẹ́ kí èèyàn ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Maman Ummulk ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó na ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de nǹkan. Akọ̀wé ọ̀gá tẹ̀ lé e. Jàbárù, tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá, wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun tẹ ohunkóhun. Mo lé e jáde. Lẹ́yìn tó lọ tán, mo wo ohun tó wà níwájú mi, ó jẹ́ ìwé tí wọ́n fi kéde ọlidé, mo tẹ ojú ewé kejì rẹ̀ sọ́dọ̀ Ìyá Mofìyìn, mo sì dìde láti lọ mú un.

Ibi tí Ọlọ́run ti mú wa ni pé a kò gbọ́ nǹkan kan. A fi etí mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ tuntun náà ló ń dún nínú, gìrìrì, gìrìrì, ó ń tẹ ìwé tí gbogbo wa fi ránṣẹ́. A gbọ́ tí ẹnì kan gbóhùn sókè, gìrìrì. Ó dà bí ẹkún, gìrìrì. Ó tún dà bí ẹ̀rín. Ẹnì kan ní ta ló tún ń tẹ ìwé báyìí, kó jọ̀wọ́ kó dúró, akọ̀wé ọ̀gá sì jẹ́wọ́ pé òun tẹ gbogbo ìwé òfin ìsinmi òṣìṣẹ́ ni.

Bánjọ wá dúró sí ara ògiri lẹ́yìn wa. Ojú rẹ̀ ti rọ.

"Ṣé wọ́n ń jà ni, mà?"

"Ẹ̀rọ rẹ kò jẹ́ ká gbọ́," mo ní.

Ilẹ̀kùn ṣí. Tiwátọ́pẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wo gbogbo wa, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Mofìyìn."

"Mà," ni Bánjọ dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn. Kò sí ẹni tó láyà láti rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní kó o kọ orúkọ ọmọ mi sára ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá yẹn?"

"Èmi ni. Ó yẹ kí n bi yín. Ẹ má bínú. Màá pa á rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́."

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí mo wà lórí ìdùbúlẹ̀, tí mi ò mọ̀ bóyá màá yè, ẹ̀yìn ta lọmọ mi wà?"

"Ẹ̀yìn Àǹtí Beatrice."

"Sọ ọ́ sókè kí àwọn tó ń tẹ ìwé lè gbọ́."

"Ẹ̀yìn Àǹtí Beatrice ni."

"Ó dára. Orúkọ yẹn ò ní kúrò níbẹ̀. Àǹtí ní kó kúrò, mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti gbà. Tìẹ ló máa kúrò."

"Kí ni kí n wá máa jẹ́?"

"Kọ 'Ọkọ Tiwátọ́pẹ́' sí i," ó ní, "kí gbogbo ọ́fíìsì yìí lè mọ ẹni tó ni ẹ́."

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, ọ̀gá àgbà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wá wo ohun tó wó. Èmi rẹ́rìn-ín títí ìborùn mi fi ṣubú. Tiwátọ́pẹ́ ní kí wọ́n bá òun wá Bọ̀dá Jàbárù, òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìròyìn. Inú ọkọ̀ ni Jàbárù wà, ó ti gbé gíláàsì sókè, ó sì ń ṣe bí ẹni tó ń sùn.

A rò pé ó ti parí, a sì fẹ́ túká. Ìgbà náà ni Beatrice jáde, ó gbé òkìtì ìwé kan sáyà. Bánjọ yìí kan náà ló ti ṣètò sáfà tipẹ́ pé kó máa kọ orúkọ ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ìwé má baà sọnù mọ́. A ti gbàgbé. Beatrice kò gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ìsàlẹ̀ ìwé, ó ń wo ojú ẹni. Ó ní, "Maman Ummulkhulthum," ó pe orúkọ náà dé òpin, "ìwé yín rèé, kò sí nǹkan tí ẹ kọ sínú rẹ̀." Ó gbé òfin ìsinmi lé akọ̀wé ọ̀gá lọ́wọ́ bí ẹni tó ń gbé ọmọ fúnni. Akọ̀wé kò wo ojú rẹ̀.

Ó wá dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú òun náà pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣì tutù. Ó na ojú ewé kan ṣoṣo sí mi.

"Ìyá Rahmah, ojú ewé kejì ìwé ọlidé. Ìyá Mofìyìn ló ní kí n mú un fún yín."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n lórí orúkọ náà bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbọ̀n nínú bàtà tuntun. Kò tíì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tó tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí níwájú wa. Ọkàn mi kún. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà.

"Ẹ ṣé, Ìyá Mofìyìn," mo ní.

"Ẹ má tẹ ìwé sọ́dọ̀ mi mọ́ o," ó ní.

Ó padà sínú yàrá rẹ̀, kò sì ti ilẹ̀kùn.